Apó Kì Í Ṣe Àpò

Ohùn ẹnu lásán ló ya apó àti àpò sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọ̀kan pe èkejì ti sọ ọ̀rọ̀ nù. Àpò ni a ń kó owó tàbí ìwé sí. Apó ni ilé ọfà. Nínú ìtàn ogun Úhúdù, ní ọdún kẹta Híjírà (625), a gbọ́ pé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) tú ọfà inú kinānah rẹ̀ sílẹ̀ fún Sàídù ọmọ Abū Wakkās kí ó máa ta á. Bí ògbufọ̀ bá pe kinānah yìí ní "àpò", báàgì ni olùgbọ́ yóò máa rí lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀, Kinānah kan náà ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn baba ńlá Kùráéṣì, ìdílé Ànábì. Àwọn Lárúbáwá a sì máa pe ilẹ̀ Íjíbítì ní apó Ọlọ́hun lórí ilẹ̀. Àwọn kan ka ọ̀rọ̀ náà sí hádíìsì, ṣùgbọ́n kò ní ìpìlẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ta ni yóò bí ọmọ tán tí yóò sọ ọ́ ní Báàgì?

Nítorí pé àpò ni a pè é, ojú àpò náà ni a fi ń wo iṣẹ́ àwọn tó ń fi awọ ṣe é. Ní Másífà níbí, àti káàkiri agbègbè Èjìgbò, apó awọ tó ní ọ̀ṣọ́ ti ń di ohun ìfikọ́ sára ògiri. Àwọn ènìyàn wa tó ń ṣòwò ní Abidjan a máa mú un bọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀ wá ṣọdún, wọn a sì gbé e kọ́ sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Káábà. Awọ rẹ̀ pupa fòò, wọ́nja-wọ́nja rẹ̀ gùn dé ìdí, àlejò tó bá wọlé a sì ní, "Èyí mà dára o!" Mo ti gbé bíi mélòó kan lọ́wọ́ wò. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, páálí ni wọ́n fi awọ bò, ìdérí rẹ̀ kò sì ṣeé ṣí nítorí wọ́n ti rán an pa. Apó tí ọfà kò lè wọ̀! Ẹni tó ṣe é mọ̀ pé ẹni tí yóò rà á kò ní wo inú rẹ̀. N kò dá a lẹ́bi. Àwa tí à ń rà á ni mo ń bá wí.

Ọfà ọdẹ ní oró lẹ́nu. Oró yìí kò fẹ́ omi, kò sì mọ olówó rẹ̀. Bí ẹnu ọfà bá ha ẹni tó gbé e, ọ̀ràn dé. Nítorí náà apó gbọ́dọ̀ le kí ó má baà tẹ̀, ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ dí pinpin, ìdérí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mú tó bẹ́ẹ̀ tí òjò kò ní ráyè wọlé, síbẹ̀ kí ó ṣeé ṣí wàrà nígbà tí ẹran bá yọ lójijì. Oníṣẹ́ awọ á kọ́kọ́ wá igi róbótó tó ṣe déédéé bí inú apó yóò ti fẹ̀ tó. Á na awọ tútù tó ti rin gbindin yí i ká, á rán ojú rẹ̀ pọ̀, á jẹ́ kí ó gbẹ mọ́ igi náà lára. Bí ó bá gbẹ tán, ó ti le bíi pákó. Ìgbà náà ni wọ́n ń fa igi yọ.

Awọ ewúrẹ́ rírọ̀ ni wọ́n ń fi bò ó. Awọ yìí náà ti jẹ ìyà: wọ́n ti rẹ ẹ́ sínú omi eérú kí irun rẹ̀ lè ṣí, wọ́n ti fi èso igi ẹlẹ́gùn-ún tí àwọn Haúsá ń pè ní bagaruwa sọ ọ́ di awọ tí kì í jẹrà. Láti ara ọkà bàbà, pẹ̀lú káún, ni wọ́n ti ń rí pupa rẹ̀. Ìdàrọ́ irin ló ń sọ ọ́ di dúdú. (Awọ tí àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ ń pè ní awọ Mọ̀rọ́kò, Kánò àti Sókótó ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá, ràkúnmí ló ń rù ú la aṣálẹ̀ já. Ẹni tó tà á ló gba orúkọ, kì í ṣe ẹni tó ṣe é.)

Ó wá ku ọ̀ṣọ́, ibẹ̀ sì ni aṣelámèyítọ́ ti gbọ́dọ̀ la ojú rẹ̀. Okùn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fi bọ inú ihò wẹ́wẹ́, pupa á wọlé, dúdú á jáde. Ẹ wo ibi tí iṣẹ́ yìí máa ń wà lára apó tó dára: etí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ ni, níbi tí awọ parí sí, tí ó sì lè tú. Ọ̀ṣọ́ náà ló so ó pọ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, apó yóò là. Nígbà mìíràn, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń bó ojú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí funfun abẹ́ rẹ̀ lè yọ bí àwòrán. Ẹni tó gé e jìn ti ba awọ jẹ́, ẹni tí kò gé e dé kò rí àwòrán. Wọ́nja-wọ́nja nìkan ni n kò rí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń mì bí ọdẹ bá ń rìn, bẹ́ẹ̀ ọdẹ kò fẹ́ ohun tó ń mì. Ọ̀yọ́ ni a mọ̀ mọ iṣẹ́ awọ jù lọ nílẹ̀ Yorùbá, láti orí tìmùtìmù dé orí làbà àwọn oníṢàngó; ẹni tó bá fi ojú bẹ́ẹ̀ wo iṣẹ́ wọn yóò tètè mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọ iṣẹ́.

Àwọn kan nínú wa ní ìnákúnàá ni kí a máa ṣe ọ̀ṣọ́ sára ohun ìjà. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ Abū Umāmah, sàhábà Ànábì, nínú hádíìsì tí Bùhárì gbà wá. Ó ní kì í ṣe wúrà tàbí fàdákà ni ọ̀ṣọ́ idà àwọn tó ṣẹ́gun àwọn ìlú ńlá ńlá ìgbà náà, bí kò ṣe okùn tí wọ́n gé lára ọrùn ràkúnmí, òjé àti irin. Ìbáwí ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún àwọn olówó ìgbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ọ̀ṣọ́ ló pe okùn náà. Kò ní idà wọn wà láìlọ́ṣọ̀ọ́. Ohun tó di idà mú náà ló ṣe é lẹ́wà, èyí sì bá etí apó wa mu rẹ́gí.

Tírà ni ọ̀rọ̀ tó le níbẹ̀. Láti àwọn ọdún 1820 tí ìbọn ti wọ ogun Òwu ni ọfà ti ń fi ogun sílẹ̀ fún àwọn ọdẹ, ọdẹ wa kì í sì í fẹ́ wọ igbó lọ́wọ́ òfo. Ọwọ́ kan náà tó ń rán apó ló ń fi awọ bo tírà, wọn a sì rán an mọ́ ara apó ní onígun mẹ́rin. A gbọ́ pé Ànábì rán ẹni lọ gé okùn ọrun tí àwọn Lárúbáwá ń so mọ́ ọrùn ràkúnmí wọn. Àwọn onímímọ̀ ń jiyàn lórí èyí tó bá jẹ́ àáyá Àl-Kùránì ló wà nínú rẹ̀. N kò ní parí ìjà wọn níbí. Ohun tó kàn mí ni pé awọ onígun mẹ́rin yẹn ti di ara àwòrán: àwọn kan kò fi nǹkan kan sí i mọ́, síbẹ̀ wọ́n ń rán an síbẹ̀ nítorí pé ojú ti mọ́ ọn. Ní tèmi, kò so nǹkan kan pọ̀, kò sì dí ihò kankan. Ẹni tó yọ ọ́ kúrò, tó fi ojú ibẹ̀ sílẹ̀ ní pupa lásán, ni iṣẹ́ rẹ̀ wù mí jù. Ṣùgbọ́n n kò ní bá ẹni tó fi í sílẹ̀ jà, bí òfo bá ti wà nínú rẹ̀, tí ìdérí apó sì ṣeé ṣí.