Bojúbojú àti Ekùn-Mẹ́ran: Ìrònú àti Ìmọ̀lára Ọmọdé nínú Eré ní Ṣómólú àti Bàrígà

Ìfáárà

Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ láti gbà wo eré ọmọdé Yorùbá ni láti kà á sí ìdárayá àti ìkọ́ni ní ìwà ọmọlúàbí. Èrò yìí kò burú, ṣùgbọ́n ó fo ohun kan dá: iṣẹ́ tí ọpọlọ àti ọkàn ọmọ ń ṣe nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́. Eré méjì tí àwọn ọmọ ń ṣe ní àgbàlá ilé oníyàrá púpọ̀ ní Ṣómólú àti Bàrígà ni iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀wò.

Bojúbojú

Wọn a fi ọwọ́ bo ojú ọmọ kan, àwọn yòókù a sì sá pamọ́. Orin àti ègbè ni yóò fi hàn pé wọ́n ti pamọ́ tán kí wọ́n tó ṣí i lójú. Ẹni tí yóò pamọ́ dáadáa kò gbọdọ̀ ro ohun tí òun rí nìkan. Ó ní láti ro ibi tí ojú ẹlòmíràn yóò tó. Ọmọ kékeré tí ó bo ojú ara rẹ̀, tí ó gbà pé òun ti pamọ́, kò tíì dé ibẹ̀.

Ní 1948, Jean Piaget àti Bärbel Inhelder ṣàlàyé ìdánwò òkè mẹ́ta: wọ́n bi ọmọdé bí òkè náà yóò ti rí lójú ọmọlangidi tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò tó ọdún méje mú àwòrán ohun tí ojú tiwọn rí. Ṣùgbọ́n ní 1975, Martin Hughes ní kí àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta ààbọ̀ sí márùn-ún fi ọmọlangidi pamọ́ fún ọlọ́pàá. Nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìdáhùn wọn ni ó tọ̀nà. Àlàyé Margaret Donaldson ní 1978 ni pé òkè mẹ́ta kò ní ìtumọ̀ fún ọmọ, ṣùgbọ́n ọmọ mọ ohun tí sísá pamọ́ jẹ́.

Kò tọ́ láti torí èyí sọ pé àwọn baba ńlá ti mọ ìmọ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Eré kì í ṣe ìwádìí. Ohun tí bojúbojú ṣe ni pé ó gbé ìṣòro tí ó nítumọ̀ ka iwájú ọmọ. Ẹ̀gbọ́n tí ó fa àbúrò wọ ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù omi, tí ó ní kí ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé, ni olùkọ́ níbẹ̀. Èyí bá èrò Lev Vygotsky mu, pé ọmọ a máa ṣe ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ nínú eré.

Ekùn-Mẹ́ran

Àwọn ọmọ a di ara wọn lọ́wọ́ mú ní òbìrí. Ewúrẹ́ wà nínú, ekùn wà lóde. Ohun kan gba àfiyèsí: igbe ewúrẹ́ ni ègbè tí gbogbo agbo ń gbè. Ẹ̀rù ń ba ẹni kan, ṣùgbọ́n ohùn gbogbo wọn ni ó ń gbé ẹ̀rù náà jáde, ọwọ́ gbogbo wọn ni ó sì ń dínà fún ekùn. Ọmọ tipa bẹ́ẹ̀ kọ́ pé ìbẹ̀rù ní ààlà. Àléébù kan wà: bí alágbára bá ń ṣe ekùn ní gbogbo ìgbà, tí aláìlágbára kò kúrò ní ipò ewúrẹ́, ẹ̀kọ́ mìíràn ni eré náà ń kọ́ wọn. Pípààrọ̀ ipò ni ẹ̀mí eré yìí.

Eré àti Ilé-Ìwé

Èdè Yorùbá ni ọmọ fi ń ṣe ìrònú yìí. Ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ní Ifẹ̀, 1970 sí 1978, fi hàn pé àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ìjọba àpapọ̀ tí ó fọwọ́ sí irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ní 2022 ni ó fagi lé e ní 2025.

Ìkádìí

Bí ilé-ìwé bá ti èdè eré sẹ́yìn ilẹ̀kùn, òkè mẹ́ta ni ó tún gbé ka iwájú ọmọ, yóò sì pe ọmọ tí kò dáhùn ní olódo. Àwọn ọmọ Bàrígà ń sá pamọ́ nítòsí ọgbà Yunifásítì Èkó ní Akọka. Ó yẹ kí lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ àti onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá jọ lọ gbọ́ orin wọn.