Ìgbà tí Ó Yẹ kí Onílù Pa Ohùn Ìlù Rẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Ìlù Sísọ ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ìfáárà

Àwọn tí ó ti kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá kò kéré níye. Ọba Adétóyèṣe Láoyè, Tìmì Ẹdẹ, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ògbólógbòó onílù, kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá láàárín ọdún 1950 sí 1959. Akin Euba gbé ìwé ńlá jáde lórí dùndún ní ọdún 1990. Ohun tí ó jẹ irú àwọn iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lógún jù ni bí ìlù ṣe ń fọhùn: igi tí wọ́n gbẹ́, awọ tí wọ́n fi bò ó, àti ọ̀nà tí ó ń gbà fara wé ohùn ènìyàn. Bí ìlù ṣe ń dákẹ́ kì í sábà gba irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, inú ìdákẹ́ kékeré tí ó wà láàárín ìró kan àti èkejì ni ìró ti ń di ọ̀rọ̀.

Ìgbà tí ó yẹ kí onílù pa ohùn ìlù rẹ̀, àti ìgbà tí kò yẹ, ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú bá irú àgbéyẹ̀wò yìí mu nítorí pé ìlò ìlù mẹ́ta tí ó yàtọ̀ síra wà níbẹ̀ tí etí kan náà lè gbọ́: gbẹ̀du ọba, ìlù àpàlà tí Hárúnà Ìṣọ̀lá sọ di ohun àmúyangàn, àti dùndún tí ó máa ń ṣíwájú àwọn regbérégbé lọ síwájú Awùjalẹ̀ ní Ojúde Ọba.

Ohun méjì ni àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ pé kí onílù dẹwọ́. Èkíní ni kí ó lu ìlù náà jẹ́jẹ́, kí ariwo rẹ̀ má pọ̀. Èkejì ni kí ó pa ìró náà lẹ́yìn tí ó ti lù ú, yálà kí ó fi igi tẹ awọ tàbí kí ó fi ọwọ́ kàn án, kí ìró náà má dúró láti kú fúnra rẹ̀. Onílù lè lu ìlù kíkankíkan kí ó sì pa ìró rẹ̀ kíákíá. Ó lè lù ú jẹ́jẹ́ kí ìró rẹ̀ máa fà títí. Àwọn tí ó fẹ́ràn láti pòwe fún onílù pé ìlù tí ó bá dún àdúnjù, yíya ni yóò ya, ìwà àṣejù ni òwe wọn ń bá wí. Kò sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ ọnà.

Pípa ìró àti ohùn èdè Yorùbá

Kí èyí tó lè yé ènìyàn dáadáa, ó ní láti padà sí ohùn mẹ́ta tí ó wà nínú èdè: ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó ti kọ́ nípa fonọ́lọ́jì Yorùbá ni ó mọ̀ pé nígbà tí ohùn òkè bá tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀, ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kì í fò lójijì. Ó máa ń yọ́ gòkè ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí ohùn ìsàlẹ̀ bá tẹ̀lé ohùn òkè, yíyọ́ ni ó ń yọ́ sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn àárín kò bá wọn lọ́wọ́ sí èyí. Ó dúró lójú kan, ohùn tí ó ṣíwájú rẹ̀ tàbí tí ó tẹ̀lé e ì báà jẹ́ òkè tàbí ìsàlẹ̀.

Nínú ọ̀rọ̀ yìí ni òfin pípa ìró ti jáde wá fún ẹni tí ń lu dùndún. Ọsán tí onílù ń fún tí ó sì ń dẹ̀ ni ó jẹ́ kí ìlù náà lè yọ́ bí ohùn. Bí ó bá ń lu orúkọ ìlú náà, Ìjẹ̀bú, ìró ìsàlẹ̀ kejì kò gbọdọ̀ kú kí ó tó fún ọsán, nítorí pé yíyọ́ gòkè yẹn wà lẹ́nu gbogbo ẹni tí ń pe orúkọ náà. Onílù tí ó bá pa á níbẹ̀ ti sọ̀rọ̀ bí àjèjì. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ lu Awùjalẹ̀, ohùn àárín àti ti ìsàlẹ̀ ni ó ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn: àárín, ìsàlẹ̀, àárín, ìsàlẹ̀. Kò sí ibi kankan tí yíyọ́ yẹ níbẹ̀. Bí kò bá pa ìró kọ̀ọ̀kan, oyè náà á máa fì sókè fì sódò bí ẹni tí ó ń sunkún, ẹni tí kò bá sì ti mọ ohun tí wọ́n ń lù tẹ́lẹ̀ kò ní gbọ́ oyè kankan.

Àpẹẹrẹ tí ó kéré jù ni ó hàn jù. Igbá tí wọ́n fi ń bu omi àti ìgbá tí wọ́n ń jẹ yàtọ̀ síra nípa ohùn tí ó bẹ̀rẹ̀ wọn nìkan: àárín ni ti èkíní, ìsàlẹ̀ ni ti èkejì. Bí onílù bá lu igbá láìpa ìró àárín náà, tí ó jẹ́ kí ó yọ́ lọ bá ohùn òkè, etí Yorùbá á gbọ́ ìgbá, nítorí pé ibi tí yíyọ́ bá ti wà, ohùn ìsàlẹ̀ ni etí ń retí níbẹ̀.

Ó tọ́ láti gbà pé ọmọ Àyàn kì í sábà lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Odidi gbólóhùn oríkì ni ó ń lù, ẹni tí ó bá ti mọ oríkì náà a sì fi ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ ká mọ èyí tí ó ní lọ́kàn. Àríyànjiyàn yìí lágbára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti mọ ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ni ó ń ràn lọ́wọ́. Ẹni tí ìlù gbọ́dọ̀ kọ́ ní ọ̀rọ̀ kò rí nǹkan gbà nínú rẹ̀.

Ìlù tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pa

Kò yẹ kí àlàyé òkè yìí sún ẹnikẹ́ni láti rò pé gbogbo ìlù ni ó yẹ kí wọ́n pa ìró rẹ̀. Gbẹ̀du kò sí lára wọn. Ìlù ọba ni. Láyé àtijọ́ ẹni tí ó bá lù ú láìgba àṣẹ ọba ti sọ ara rẹ̀ di ọlọ̀tẹ̀. Àgbá tí ó wà ní ilé Òṣùgbó náà kò yàtọ̀: dídún rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí irú ìlù bẹ́ẹ̀ ń sọ jù lọ ni pé àṣẹ wà níbì kan, àti pé ẹni tí ó jìnnà gbọ́dọ̀ mọ̀. Ìró rẹ̀ gbọ́dọ̀ fà kọjá ògiri ààfin. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ pa gbẹ̀du kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè ṣe kedere ti gba iṣẹ́ dùndún fún un.

Àwọn tí ó ṣe ìlù pàápàá mọ ìyàtọ̀ yìí. Wọ́n máa ń fi ìda sí ojú gúdúgúdú àti sí ojú ìyáàlù bàtá, ohun dúdú tí ó ń lẹ̀ mọ́ awọ, kí ìró rẹ̀ má baà fọ́n káàkiri. Kí ìlù náà tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò lù ú ni wọ́n ti pa díẹ̀ nínú ohùn rẹ̀. Lójú ọ̀nà sákárà ẹ̀wẹ̀, irú èyí tí Yusuf Ọlátúnjí gbé ga, ìka ọwọ́ òsì onílù ni ó ń tẹ awọ lójú agbo, tí ó ń yí ohùn rẹ̀ padà bí ọ̀rọ̀ ti ń lọ.

Ohun mìíràn tí ó yẹ kí a yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ìdákẹ́ tí òfin mú wá. Ní Àkrà, àwọn Gá máa ń fòfin de ìlù fún ọgbọ̀n ọjọ́ kí ọdún Homowo tó dé, aáwọ̀ sì ti wáyé láti ọdún 1998 láàárín àwọn ìjọ kan tí kò fẹ́ pa ìlù wọn tì àti àwọn tí ń dáàbò bo àṣà náà. Ọ̀rọ̀ àkókò àti ẹ̀sìn ni ìyẹn. Ìlù tí ó dákẹ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ kò pàdánù ọ̀rọ̀ kan. Ìlù tí ó ń dún lọ́jọ́ ọdún tí kò sì yé ẹnikẹ́ni ni ó pàdánù.

Àpàlà: ìlù tí ó mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan ẹlòmíràn

Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ó kú ní ọdún 1983, ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn jù pé pípa ohùn ìlù lè jẹ́ ọgbọ́n gbogbo agbo. Àwo tí ó kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1948, lórí Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó, kò tà. Ọdún 1955 ni ó tún un ṣe tí òkìkí rẹ̀ sì kàn. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1971, tí Oroki Social Club jáde, agbo rẹ̀ ti ní ìwà tirẹ̀: akọrin jókòó, kò sí gìtá, àgídìgbo ń lọ nísàlẹ̀, ìlù sísọ sì ń dá sí ọ̀rọ̀.

Ẹni tí ó bá fetí sí i dáadáa á rí i pé àwọn onílù wọ̀nyẹn kì í bá ohùn akọrin jà. Nígbà tí Hárúnà bá ń lo ohùn, ìlù a lọ sílẹ̀, ìró rẹ̀ a kúrú. Nígbà tí ó bá mí, ìlù a yọjú, a sọ tirẹ̀, a tún padà sẹ́yìn. Ìgbà méjèèjì ni wọ́n ń pa ìró, ṣùgbọ́n nítorí ìdí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: nísàlẹ̀ ohùn, kí ọ̀rọ̀ akọrin lè gbọ́, láàárín ohùn, kí ọ̀rọ̀ ìlù fúnra rẹ̀ lè gbọ́. Kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó ṣe èyí fún wọn. Lóòótọ́ Hárúnà fẹ́ràn ẹ̀rọ: òun àti I. K. Dairo ni wọ́n jọ dá Star Records sílẹ̀ ní ọdún 1969, ó sì gbé Phonodisk kalẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Igbó ní ọdún 1979. Ṣùgbọ́n ọwọ́ onílù ni ó kọ́kọ́ ṣètò ohun tí ẹ̀rọ wá gbà sílẹ̀.

Ojúde Ọba

Ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá ni wọ́n máa ń ṣe Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Orúkọ Balógun Kúkú ni ìtàn so mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn ìdílé Balógun a gẹṣin, wọ́n a yìnbọn. Àwọn regbérégbé a wọ aṣọ ẹgbẹ́ wọn, wọ́n a jó wá síwájú ọba. Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tí ó gun orí ìtẹ́ ní ọdún 1960 tí ó sì wàjà ní 13 Oṣù Keje 2025, ni ó tún ètò regbérégbé sọ jí, tí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí sì pọ̀ síwájú rẹ̀.

Ẹ̀wà ọjọ́ náà kò ṣeé jiyàn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìlù ẹgbẹ́ tí ń jó lọ́wọ́, ti ẹgbẹ́ tí ń bọ̀ lẹ́yìn, ìró ìbọn, ẹni tí ń kéde lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àti fèrè, gbogbo wọn ni ó ń dún pọ̀. Ohun tí onílù máa ń fẹ́ ṣe nírú ibẹ̀ ni kí ó lù kíkankíkan kí ó sì jẹ́ kí ìró máa fà, kí tirẹ̀ lè borí. Níbi yìí gan-an ni àṣìṣe ti wọlé. Fífà ìró kò fi ọ̀rọ̀ kún ìlù. Ariwo ni ó ń fi kún un. Bí wọ́n bá sì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí ẹnu ìlù, ẹ̀rọ náà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìlù tí ń sọ̀rọ̀ àti ṣaworo tí ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Onílù tí ó wà níwájú ẹ̀rọ ní láti pa ìró ju ẹni tí ó wà ní gbangba lásán lọ, kì í ṣe kí ó dín in kù.

Ẹ jẹ́ kí orúkọ àwọn ẹgbẹ́ fúnra wọn jẹ́ ẹ̀rí. Gbọ́baníyì àti Arọ́bayọ̀ jẹ́ méjì nínú wọn. Ọba ni ó wà nínú orúkọ méjèèjì, bí ó ti wà nínú orúkọ púpọ̀ nínú àwọn yòókù. Ohùn Gbọ́baníyì ni òkè, àárín, òkè, ìsàlẹ̀: ìparí rẹ̀ nìkan ni ó yẹ kí ó yọ́. Ohùn Arọ́bayọ̀ ni àárín, òkè, àárín, ìsàlẹ̀: kò sí ibi tí ó yẹ kí ó yọ́ rárá. Onílù tí ó bá pa ìró níbi tí ó yẹ ti ya ẹgbẹ́ méjì sọ́tọ̀ fún etí ọba. Èyí tí kò bá pa á ti sọ méjèèjì di ìgbì kan náà, bẹ́ẹ̀ oríkì irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì pẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn bíi ti ìdílé àtijọ́ débi pé etí lè fi ìmọ̀ tẹ́lẹ̀ dí àlàfo náà. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ á jó, ìlù á sì ti pe orúkọ wọn láìjẹ́ pé wọ́n gbọ́.

Ojú ọjọ́ tún wà níbẹ̀. Oṣù tí Iléyá ń bọ́ sí máa ń yí. Ní ọdún 2024 àti 2025, Oṣù Kẹfà ni Ojúde Ọba bọ́ sí, ìgbà òjò nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Awọ tí ọ̀rinrin bá mú a dẹ̀ fúnra rẹ̀, ohùn òkè a sì di ohun tí onílù ń fi agbára wá. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ onílù tí ó gbé ìlù rẹ̀ sá sí oòrùn láàárọ̀, tàbí tí ó yá a níná, lè pa ìró bí ó ti wù ú. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òjò ti bá a pa ohùn tí kò ní kí ó pa.