Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Pa Àlọ́ Tirẹ̀

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pe èmi àti àwọn olùkọ́ méjì láti ṣe adájọ́ níbi ìdíje ìtàn kíkọ fún àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí a tó ka ìtàn mẹ́wàá, oorun ti ń kùn wá. Ìjàpá jalè, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ìtìjú bá a. Gbólóhùn kan náà ni gbogbo wọn sì fi kádìí rẹ̀: 'Ìtàn yìí kọ́ wa pé kò yẹ kí a máa jalè.' Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni kò gba ọ̀nà yìí. Ìjàpá tirẹ̀ jí iṣu, ó sè é, ó pe olóko wá jẹ nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ń wá olè kiri títí ilẹ̀ fi ṣú. Ibẹ̀ ni ìtàn parí sí. A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n a kò fún un ní ipò kankan, nítorí pé 'kò kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́.' Èmi náà fọwọ́ sí i.

Ẹjọ́ yìí ni mo fẹ́ tún gbé yẹ̀ wò. Bí apàlọ́ bá ní 'Ààlọ́ o!', àwọn ọmọ a dáhùn pé 'Ààlọ̀!' Wọn a gbe orin, wọn a dá sí ìtàn. Bí ó bá sì kan ọ̀kan nínú wọn, òun náà a pa tirẹ̀. Lóòótọ́, ẹ̀kọ́ wà nínú àlọ́, ṣùgbọ́n bí iyọ̀ ti ń wà nínú ọbẹ̀ ni. A kì í gbé àwo iyọ̀ nìkan síwájú àlejò. Ní iléèwé, a yọ orin àti ẹ̀rín kúrò, a fi ìdánwò rọ́pò wọn. Ọmọ tí a ń dán wò lórí gbogbo ìwé tí ó bá ṣí, yóò máa sá fún ìwé ni.

Ẹ wo Ogún Ọmọdé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1990. Inú òwe tí ó ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún ni orúkọ ìwé náà ti wá. Òǹkọ̀wé kò jókòó túmọ̀ òwe fún wa. Ó jẹ́ kí eré náà dùn, kí a lè mọ ohun tí ìpínyà jẹ́.

Ẹnì kan lè ní Fágúnwà ń kọ́, ó sì ń wàásù. Bẹ́ẹ̀ ni. Olùkọ́ ni, ìdíje ti 1936 ni ó sì mú un kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1938. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní ọmọdé, n kò jí ìwé náà kà lábẹ́ àtùpà nítorí ìwàásù. Àgbákò ni mo ń wá lọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ya ìrọ̀lẹ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ ní àdúgbò. Kí àgbà kan ka ìtàn sókè, kí ó dúró ní ìdajì, kí àwọn ọmọ kọ ìyókù bí ó bá ti wù wọ́n. Kí a gán ohun tí wọ́n kọ pọ̀ bí ìwé, kí ọmọ mìíràn lè yá a kà. Ọmọ tí ó bá rí ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn kò ní í bẹ̀rù ìwé mọ́.

Ní ti ọmọkùnrin olóko àti Ìjàpá, bí ó bá ka ìwé yìí, kí ó mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ rẹ̀ ti yí ìdájọ́ padà. Òun ni ó gba ipò kìíní.