Ojú Pátákó Tí A Fi Ń Darí Ilé
Láti ọdún 2013 tí Paulus Schoutsen ti dá Home Assistant sílẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ohun tí ó wù mí jù lọ nínú rẹ̀ ni ọgbọ́n àwọn tí ń to ojú pátákó tí a fi ń darí iná, ilẹ̀kùn àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ọ̀mọ̀ràn ní í mọ oyún ìgbín, ẹni tí ó sì mọ iṣẹ́ yìí kì í da gbogbo bọ́tìnì jọ, a máa fi iná pálọ̀ sí ibi tí àtàǹpàkò yóò ti tètè bà á lórí fóònù, a sì máa fi ìwọ̀n bátìrì, tí a kì í sábà wò, sí ẹ̀yìn. Àwọ̀ mèremère kò jẹ́ nǹkan kan lójú tèmi. Ojú pátákó tí a bá gbé kọ́ sára ògiri gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà, kí ìyá àgbà lè kà á láìwá awò ojú.