Gbára Lé E, Má Dì Í Mú

Ní òwúrọ̀ kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, mo dúró wo ọkùnrin kan tó fẹ́ gun igi plane, irú igi tí èèpo rẹ̀ máa ń ṣí bí ọ̀dà ògiri àtijọ́. Okùn rẹ̀ ti wà lókè ná. Ó ti so òwú tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ àpò kékeré tó ní òjé nínú, ó ti jù ú gba orí ẹ̀ka tó nípọn, ó sì ti fi òwú náà fa okùn gidi kọjá títí tó fi tún wálẹ̀. Apá kan okùn so mọ́ bẹ́líìtì ìbàdí rẹ̀. Ara apá kejì ni ọgbọ́n wà.

Ó mú okùn kékeré kan tí kò nípọn ju ìka ọmọdé lọ, tó ní ojú ní orí méjèèjì. Ó wé e mọ́ okùn ńlá lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ń wé e gòkè, ìyípo kọ̀ọ̀kan jókòó lórí èyí tó ṣáájú bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Ó wá fa orí tó wà lókè wálẹ̀ láti pàdé èkejì, ó ń fi wọ́n kọjá ara wọn, níwájú okùn, lẹ́yìn okùn, bí ẹni ń dirun. Ìkọ́ irin kan ló fi kó ojú méjèèjì pọ̀ mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀. Valdôtain tresse ni wọ́n ń pe kókó yìí: irun dídì ni tresse lédè Faransé, àfonífojì Aosta ní Ítálì ló ni ìyókù orúkọ náà.

Kò tíì gùn ún. Ó kọ́kọ́ fi ìka to àwọn ìyípo náà kí ọ̀kan má baà gun orí èkejì. Ó fà á le. Lẹ́yìn náà ló ká ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, níbi tó jẹ́ pé bí kókó bá yọ̀, ìdí rẹ̀ lásán ni yóò dùn ún. Kókó dì gbagidi.

Ìwúwo tó ń fa kókó náà ló ń mú un fún okùn ńlá lọ́rùn. Bí ìwúwo bá kúrò, ó dẹ̀. Ní 1931, Karl Prusik, ará Ọ́stríà, fi irú kókó báyìí han àwọn tó ń gun òkè ńlá. Ọ̀kan ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní.

Púlì kékeré kan wà lábẹ́ kókó. Ojú lásán á ní òun ló ń gbé ọkùnrin náà ròkè, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Orí ẹ̀ka ni okùn ti ń yí, ibẹ̀ ni ẹrù ti pín sí méjì: mítà méjì okùn ló ń fà kó tó gòkè mítà kan. Ti púlì ni kó máa ti kókó sókè. Bí ọkùnrin náà ti ń fa okùn ìsàlẹ̀, púlì ń ti kókó nídìí, kókó sì ń tẹ̀ lé e. Láìsí púlì, ọwọ́ kan ì bá máa fa okùn, èkejì ì bá máa ti kókó. Ní báyìí, ọwọ́ kan ti tó.

Bó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí kókó, á rọra tẹ̀ ẹ́. Kò gbọdọ̀ sáré, torí okùn tó ń ha okùn ń mú ooru jáde, ooru sì lè yọ́ okùn ọ̀rá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń fi aramid hun èèpo okùn kókó, ẹbí òwú tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀wù ayẹta.

Kó tó tan ayùn ẹlẹ́ńjìnnì lókè, ó fi okùn kejì yí igi po mọ́ ìbàdí, torí ayùn tó ń gé ẹ̀ka lè gé okùn. Okùn kejì yìí ló rán mi létí igbà àwọn adẹ́mu wa. Adẹ́mu tó bá fẹ̀yìn ti igbà, igbà á di ọ̀pẹ mú. Èyí tí ẹ̀rù bà, tó gbá ọ̀pẹ mọ́ra, òun fúnra rẹ̀ ló dẹ igbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kókó: ẹni tó ń já bọ̀, tó sáré di kókó mú, ó ti tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Kókó á rò pé ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ni, á sì gbé e sọ̀kalẹ̀. Ohun tó ṣòro jù láti kọ́ ọwọ́ nìyẹn: pé nígbà tí àyà bá já, kó fi kókó sílẹ̀. Gbígbé ara lé nǹkan ni Yorùbá ń pè ní gbígbára lé e.

Lókè lọ́hùn-ún, ọkùnrin náà fẹ̀yìn sínú afẹ́fẹ́, ó fi okùn sílẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì so okùn akoto rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n.