Àwo Àtijọ́ Nínú Ẹ̀wù Tuntun: Kí Ni À Ń Fowó Rà?

A rí i pé orin àwọn àgbà ni àwọn ọmọ wa tún ń wá kiri báyìí. Ọmọ tí kò bá Alhaji Haruna Ishola láyé (ọdún 1983 ni ọlọ́jọ́ dé bá a) ni ó ń béèrè lọ́wọ́ wa pé èwo ni kí òun rà nínú àwọn orin àpàlà tí wọ́n tún ṣe, tí wọ́n sì tún gbé jáde. Ìbéèrè náà tó ohun tí a lè jókòó tì. Owó ni wọn yóò fi rà á, etí ni wọn yóò fi gbọ́ ọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rẹ́ wọn jẹ nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ti ara wa. Baba wa ní àwo Haruna kan tí wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn. Síbẹ̀ àwo náà ha. (A kò ní dárúkọ ẹni tí ó ha á, nítorí ó ṣì wà láàyè.) Bí abẹ́rẹ́ bá ti dé ojú ibi tí ó ha yẹn, fífò ni yóò fò. Bí ó ṣe ń fò ni a ṣe mọ orin náà. Bí a bá ń kọ ọ́ lójú ọ̀nà ilé-kéwú, àwa náà á fò níbẹ̀, a kò sì mọ̀ pé ohun kan sọnù. Ó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn náà kí sídì Apala Messenger tó tẹ̀ wá lọ́wọ́, èyí tí ilé-iṣẹ́ IndigeDisc gbé jáde ní 2001, orin náà sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó dé ojú ibẹ̀, kò fò. Orúkọ ènìyàn méjì tí a kò gbọ́ rí ni Haruna ń kì, ìlù sì ń gbè é lẹ́sẹ̀. A dá a padà, a tún gbọ́ ọ. A pe àbúrò wa lórí fóònù, a ní kí ó gbọ́. Kò kọ́kọ́ gbà pé orin kan náà ni.

Nítorí náà, ẹ má ṣe kà wá mọ́ àwọn tí ń sọ pé àwo àkọ́kọ́ nìkan ni ojúlówó. Láyé ìgbà náà, orí téépù ni wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ kí wọ́n tó fín in sí ojú àwo, ojú àwo kò sì lè gba gbogbo ohun tí téépù gbà. Bí orin bá ṣe gùn tó lójú kan ni ipa tóóró tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ yóò ṣe fún mọ́ ara wọn tó. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó máa ń fẹ ipa yìí lójú, nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń dín in kù, kí ipa kan má baà wọ inú èkejì. Nínú àpàlà, agídìgbo ni ó ń jẹ ìyà rẹ̀. Haruna kò fi gìtá sí orin rẹ̀, agídìgbo ni ìpìlẹ̀ ilé náà. Bí ẹni tí ń ṣe àtúnṣe bá rí téépù ìpilẹ̀ṣẹ̀ gbà, tí ó sì mọ ohun tí ó ń ṣe, agídìgbo tí baba wa gbọ́ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn lókèèrè yóò bọ́ sí àárín iyàrá.

Ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà ni ewu wà. Ariwo téépù àti ariwo eruku ojú àwo, lókè ohùn ni wọ́n máa ń wà, tí wọn yóò máa dún ṣáà-ṣáà. Ibẹ̀ gan-an ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń gbé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ariwo nù kò mọ̀yàtọ̀ wọn dáadáa. Bí ọwọ́ ẹni tí ń lò ó bá le jù, yóò fọ ariwo, yóò sì fọ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kéwú mọ̀ pé bá, tá àti sá, ojú kan náà ni wọ́n ní. Àmì kéékèèké tí ń bẹ lókè tàbí nísàlẹ̀ wọn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. A ti rí ọmọ tí ó fẹ́ kí wàláà òun mọ́, tí ó rò pé tàdáwà ni ó ta sí i, tí ó sì nu gbogbo àmì náà kúrò. Wàláà mọ́ lóòótọ́. Ìgbà tí a ní kí ó kà á ni ó tó yé e.

Èkejì ni ariwo àpọ̀jù. Àwọn mìíràn máa ń gbé ohun gbogbo sókè dọ́gba-dọ́gba, kí orin lè dún kíkan nínú ọkọ̀. Ẹni bá mọ Haruna mọ̀ pé kì í kánjú. Yóò sọ̀rọ̀ tán, ìlù yóò rọra dáhùn, agbè yóò gbà á, ìlù yóò wá gòkè. Bí a bá sọ ìsàlẹ̀ di òkè, a kò gbọ́ èsì mọ́, ìró lásán ni.

Ti ọjà wa ńlé, kò gbà wá lákòókò. A ra sídì kan rí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àtúnṣe gàdàgbà sí lẹ́yìn. Kò pẹ́ tí a fi í sẹ́nu ẹ̀rọ tí a fi mọ̀ pé orí kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti dà á, torí ohùn náà ń lọ́ bí téépù tí oòrùn ti pa, orin sì já láàárín, ní ibi tí kásẹ́ẹ̀tì ti parí. Àwòkọ àwòkọ ni. Kò sí orúkọ ẹni tí ó ṣe é, kò sí ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀, kò sí ohun kan bí kò ṣe àwòrán àti iye owó.

Nígbà tí a sì fẹjọ́ sùn, wọ́n ní orin àtijọ́ kò ní olówó mọ́. Irọ́ ni. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ Nàìjíríà ti 2022, ààbò orí ohùn tí a gbà sílẹ̀ jẹ́ 50 ọdún láti òpin ọdún tí a gbé e jáde. Ti orin tí ènìyàn ṣẹ̀dá fúnra rẹ̀ jẹ́ 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ohun tí a gbà sílẹ̀ fún Oroki Social Club, tí ó jáde ní 1971, lè ti kọjá gbèdéke tirẹ̀, ṣùgbọ́n orin tí Haruna fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá ṣì jẹ́ ogún àwọn àrólé rẹ̀ títí di òpin 2053. Ọkùnrin tí òun àti I.K. Dairo dá ilé-iṣẹ́ STAR Records sílẹ̀ ní 1969, kí ọlọ́rin lè ní iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, kò yẹ lẹ́ni tí a ń jí iṣẹ́ rẹ̀ tà lẹ́bàá títì.

Ohun tí ó ń dùn wá jù ni pé àtúnṣe gidi pọ̀ fún àwọn kan, ó sì wọ́n fún àwọn kan. Wọ́n ti tún àwọn àwo Fela gbé jáde lókè òkun lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n tilẹ̀ kó wọn sínú àpótí tí àwọn gbajúmọ̀ bí Ginger Baker (2012) àti Brian Eno (2014) yan ohun tó wà níbẹ̀. Ti Sunny Ade ìgbà èwe, láti 1967 sí 1974, Shanachie kó díẹ̀ jọ ní 2003. Ní ti àpàlà, yàtọ̀ sí Apala Messenger, àkójọ tí Soul Jazz ti Lọ́ńdọ̀nù ṣe ní 2020, ti àwọn ẹgbẹ́ ọdún 1967 sí 1970, ni a tún lè tọ́ka sí láìbẹ̀rù. Ó dùn mọ́ wa, ó sì tì wá lójú, pé àjèjì ni ó ṣe é.

Fún ọmọ tí ó bi wá, ìdáhùn wa nìyí. Ra èyí tí ó bá sọ ibi tí wọ́n ti rí ohùn náà, ọdún rẹ̀, àti ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbé e jáde. Kí o tó sanwó, ní kí wọ́n fi í sẹ́nu ẹ̀rọ, má ṣe gbọ́ ohùn Haruna, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni kí o máa wá. Bí o kò bá rí i, dá a padà fún ẹni tí ń tà á.

Àwo baba wa ṣì wà lọ́wọ́ wa. Sídì náà ni àwọn ọmọ wa fi mọ orin yẹn, wọ́n sì máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí àwa bá ń kọ ọ́, nítorí tí a bá dé ojú ibẹ̀, a ṣì ń fò.