Ta Ni Ń Sọ̀rọ̀? Gángan Nínú Àtúnpò Orin Àtijọ́ sí Sitẹ́rio

Púpọ̀ nínú àwọn orin àpàlà, sákárà àti jùjú tí a gbà sínú àwo ní àwọn ọdún 1950 kò pín sí ọ̀tún àti òsì. Ojú kan náà ni ohùn akọrin, ègbè, ìlù àti agogo ti ń jáde. Lónìí, ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè tú irú orin bẹ́ẹ̀ palẹ̀, kí ó fa ohùn kọ̀ọ̀kan yọ, kí ó gbé wọn sí àyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín etí méjèèjì. Kò yẹ kí a fi ojú tín-ín-rín wo iṣẹ́ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti jókòó ti àwo àtijọ́ láti da orin kọ mọ̀ pé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan tó láti gbé odidi gbólóhùn kan mì. Bí a bá lè fa ohùn akọrin yọ lábẹ́ rẹ̀, oríkì tó ti sọnù lè tún di gbígbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tún orin pò ní láti kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà.

Ẹ̀rọ tí ń tú orin palẹ̀ ní ibi tó ti kẹ́kọ̀ọ́. Ilé iṣẹ́ Deezer ti ilẹ̀ Faransé gbé Spleeter jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 2019. Demucs ti àwọn olùwádìí Facebook jáde ní ọdún kan náà. MUSDB18, àkójọ orin 150, ni àwọn onímọ̀ sábà fi ń dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò, orin rọ́ọ̀kì àti pọ́ọ̀pù àwọn Òyìnbó ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ni ó pín orin sí: ohùn ènìyàn, ìlù, béèsì, àti “àwọn yòókù”. Níbo wá ni kí a gbé gángan sí? Kọ̀ǹgọ́ ni a fi ń lù ú, nítorí náà ìlù ni. Síbẹ̀ ohùn rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń fà, gẹ́gẹ́ bí ohùn ènìyàn. Ẹ̀rọ tí kò rí irú rẹ̀ rí lè gbé ìró kọ̀ǹgọ́ sọ́dọ̀ ìlù, kí ó sì ju ohùn tí awọ ń mú jáde bí onílù ti ń fún ọsán sínú “àwọn yòókù”. Àgídìgbo náà ńkọ́, tó ń ṣe iṣẹ́ béèsì láìní okùn kankan lára?

Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè rò pé àbùkù kékeré ni èyí. Akin Euba, tó ṣe iṣẹ́ ìwádìí ní Fásitì Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, ṣàlàyé ní kíkún bí dùndún ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní Bayreuth ní ọdún 1990. Ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ̀lì. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ló ní. Ohùn nìkan ló ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Gbólóhùn kan lẹ́nu gángan sì lè ní ìtumọ̀ méjì mẹ́ta. Ohun tí akọrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wí ni olùgbọ́ máa ń fi yan èyí tó tọ̀nà. Nítorí náà, bí ìlù ṣe súnmọ́ ẹnu akọrin tó wà lára ìtumọ̀ orin. Àtúnpò tó bá fa akọrin síwájú, tó sì ti gángan sẹ́yìn sínú ọ̀wọ́ ìlù nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni orin òde òní ṣe ń dún, ti pa olùsọ̀rọ̀ kejì lẹ́nu mọ́.

Ọgbọ́n àtijọ́ tilẹ̀ burú ju ti òní lọ. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn ilé iṣẹ́ àwo ní Amẹ́ríkà, Capitol pẹ̀lú Duophonic rẹ̀ láàárín wọn, máa ń sọ orin olójú kan di ayédèrú sitẹ́rio: ìró tó ga á lọ sí etí kan, èyí tó jinlẹ̀ á lọ sí èkejì. Ká ní gángan ni a ṣe bẹ́ẹ̀ sí, tí ibi ìpín sì bọ́ sáàárín ohùn rẹ̀, sílébù olóhùn òkè á máa wá láti ọ̀tún, ti ìsàlẹ̀ láti òsì. Ọ̀rọ̀ ẹnì kan á wá dà bí ìgbà tí ènìyàn méjì ń jiyàn.

Ọ̀rọ̀ “ìdọ́gba” náà yẹ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan tàbí méjì péré wà nínú iyàrá, àwọn òṣèré ló ń fi ìdúró àti ìjókòó ṣètò ohùn: ẹni tí ohùn rẹ̀ pọ̀ á sún sẹ́yìn, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á sún mọ́ ẹ̀rọ. Ìpinnu iṣẹ́ ọnà ni ìyẹn. Hárúnà Ìṣọ̀lá sábà máa ń jókòó kọrin ni, àwọn onígángan méjì, alágídìgbo, oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, alágogo àti àwọn ẹlẹ́gbè á sì yí i ká. Ìjókòó yìí ló yẹ kí ó tọ́ ẹni tó ń pín àpàlà sí ọ̀tún àti òsì sọ́nà, kì í ṣe ti ẹgbẹ́ onírọ́ọ̀kì. Bí onígángan kan bá wà ní apá ọ̀tún akọrin, tí èkejì wà ní òsì, tí àwọn méjèèjì sì súnmọ́ ọn, etí lè ya ọ̀rọ̀ wọn sọ́tọ̀ ju bí àwo olójú kan ṣe lè ṣe lọ. Àǹfààní gidi tí sitẹ́rio ní nìyẹn.

Níbi tí téèpù ọlọ́pọ̀ ọ̀nà bá wà, kò sí ìdí láti máa méfò. Ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phonodisk tí Hárúnà dá sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní ọdún 1979 ní ẹ̀rọ tó lè gba ohùn sí ọ̀nà 24. Síbẹ̀, téèpù nìkan kọ́ ni iṣẹ́. Fẹlá Aníkúlápó Kútì wà lẹ́wọ̀n nígbà tí Bill Laswell tún Army Arrangement pò fún ilé iṣẹ́ Celluloid, èyí tó jáde ní ọdún 1985. Wọ́n fi ìlù Sly Dunbar àti dùùrù Bernie Worrell kún un. Ọ̀jáfáfá ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n inú Fẹlá kò dùn sí i. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà; ti Army Arrangement tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí inú àtìmọ́lé ni olóhùn wà. Ẹ̀dà ti Fẹlá fúnra rẹ̀ padà jáde lẹ́yìn náà, a sì lè gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ ló kan onímọ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Bí ẹ̀dà àtúnpò bá gbòde tí ojúlówó sì di àwátì, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń dà kọ kì í ṣe iṣẹ́ Hárúnà tàbí ti I. K. Dáíró mọ́, bí kò ṣe ìpinnu ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó yẹ kí àtúnpò kọ̀ọ̀kan sọ ẹni tó ṣe é, irinṣẹ́ tó lò àti ohun tó yọ kúrò, kí ẹ̀dà tí a kò fọwọ́ kàn sì wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ilé-Ifẹ̀ ní ohun tí a lè fi bẹ̀rẹ̀. Inú ọgbà kan náà ni àwọn tó ń kọ́ni ní orin àti àwọn tó ń kọ́ni ní èdè Yorùbá wà ní Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Bí a bá gba ohùn ìyá ìlù, kẹríkẹrì, ìsáájú, kànàngó, gúdúgúdú àti gángan sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí àyàn sọ ohun tí ìlù wí, tí onímọ̀ èdè sì kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn, a ó ní ohun tí a lè fi kọ́ ẹ̀rọ láti mọ gángan ní olùsọ̀rọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé onílù kì í lù dáadáa bí kò bá gbọ́ àwọn yòókù, bí wọ́n bá sì jókòó pọ̀, ohùn ọ̀kan á wọnú ẹ̀rọ gbohùngbohùn èkejì. Wọ́n lè wà ní iyàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbóhùn létí, tàbí kí wọ́n lù ú lẹ́ẹ̀mejì, papọ̀ àti ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ń náni lówó. Èkejì ń fẹ́ kí àyàn tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ láìyí i padà, ohun tí àyàn tó mọṣẹ́ kì í sábà ṣe.